Yíyọ tẹ́mósítáàtì kọ́ ni yóò wo ọkọ̀ tí ó ń gbóná sàn

Bí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ìmọ̀ràn kan wà tí ẹni tí ó ni ín kò ní ṣàì gbọ́: “Ẹ jẹ́ kí a yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ dànù.” Wọn yóò tú nọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò fa irin róbótó kékeré kan jáde níbi tí rọ́bà ńlá ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọn yóò dé ibẹ̀ padà, wọn yóò rọ omi kún rédíétọ̀ tí ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù, ọwọ́ gééjì tí ń fi ìgbóná hàn yóò sì wálẹ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́ nígbà tí wọ́n ṣe é sí ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ mi, n kò sì mọ̀ pé àìsàn ọkọ̀ náà ṣì wà níbi tí ó wà, pé gééjì nìkan ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́.

Ìgbàgbọ́ yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ méjì. Àwọn kan ní tẹ́mósítáàtì ń dí omi lọ́nà, àti pé bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, omi yóò máa ṣàn fàlàlà, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa tutù. Àwọn mìíràn ní àwọn tí ń gbé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹ́ńjìnnì wọn lè tètè móoru láàárọ̀, nítorí náà ẹrù lásán ni fún ọkọ̀ tí ń rìn nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ mu.

Ife idẹ kékeré kan wà láàárín tẹ́mósítáàtì, ìda ni ó sì kún inú rẹ̀. Wọ́n tẹ nọ́ńbà kan sí i lára, ó lè jẹ́ 82 tàbí 88 tàbí iye mìíràn tí ó sún mọ́ ọn. Òun ni ìwọ̀n ìgbóná, lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìda tí ó bá ń yọ́ a máa wú, wíwú rẹ̀ ni ó sì ń ti ọ̀pá tín-ínrín kan tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún omi láti kọjá sínú rédíétọ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ilẹ̀kùn wà ní títì, páǹpù sì ń yí omi po nínú ẹ́ńjìnnì nìkan, láti ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí kò gba inú rédíétọ̀ kọjá. Bí ìgbóná bá fi nǹkan bí i 10 sí 15 kọjá iye tí a tẹ̀ sí i lára, ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀kùn tí ó ti ṣí gbayawu kò ní ohun tí ó tún lè ṣe sí ìgbóná mọ́. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì ni kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù ju bí ó ti yẹ lọ. Kì í ṣe òun ni ó ń pinnu ibi tí ìgbóná yóò dé. Ọwọ́ rédíétọ̀, fáànù, páǹpù, ìdérí rédíétọ̀ àti omi inú rẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn wà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá gbóná dé 115 nígbà tí tẹ́mósítáàtì rẹ̀ ti ṣí tán, ẹni tí ó bá yọ tẹ́mósítáàtì ti bá ẹni tí kò ṣẹ̀ jà.

Ní ti ọ̀rọ̀ oòrùn àti òtútù, ìṣirò kékeré ni yóò tú u palẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá gbóná dé 38, oòrùn mú gan-an nìyẹn, síbẹ̀ ó ṣì fi 50 dín sí ìwọ̀n tí tẹ́mósítáàtì oní-88 ń dúró dè. Lójú ẹ́ńjìnnì, kò sí ilẹ̀ olóoru kankan láyé.

Èyí tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé yíyọ ọ́ lè dá kún ìgbóná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tẹ́mósítáàtì ní àwo pẹlẹbẹ kejì nísàlẹ̀, tí ń pa ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn dé nígbà tí ilẹ̀kùn rédíétọ̀ bá ṣí. Bí a bá yọ gbogbo rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, apá kan omi gbígbóná yóò sì máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀ rárá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè tutù jù nígbà tí iṣẹ́ kò bá le, kí ó sì gbóná jù nígbà tí ó bá ń gun òkè tòun ti ẹrù. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn kan tí a jọ wà ní apá kan náà nínú àríyànjiyàn yìí máa ń ṣàlàyé rẹ̀ lódìlódì: wọ́n ní bí kò bá sí tẹ́mósítáàtì, omi yóò sáré nínú rédíétọ̀ débi pé kò ní ráyè tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé omi tí ń sáré kì í pẹ́ nínú rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń padà wá síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbóná tí ó sì ń gbé jáde lápapọ̀ kò dín sí ti omi tí ń wọ́. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe eré.

Nínú ọkọ̀ tèmi, ọwọ́ gééjì kò dé ibi tí ó máa ń dúró tẹ́lẹ̀ mọ́, pàápàá lójú ọ̀nà márosẹ̀, inú mi sì ń dùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni mo wá ṣàkíyèsí pé epo bẹntiróòlù ń tètè tán. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nígbà tí a sì fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, P0128 ni ó gbé jáde, èyí tí ó jẹ́ àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Kọ̀ǹpútà yìí ni ó ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ṣe ni yóò máa fi kún epo, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ tí a bá ṣáná sí ọkọ̀ láàárọ̀. Epo tí kò jó tán yóò fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, yóò sì ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ìrì tí ń sẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà kò ní rí ooru tí yóò lé e jáde. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ibi tí a ti ń rọ ọ́ìlì, mo bá ohun kan tí ó funfun rúsúrúsú lábẹ́ rẹ̀, tí ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́típẹ́tí bí ọṣẹ tí omi ti rẹ̀. Àyà mi já, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tí ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ kí omi má baà dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, bá ti lọ. Ṣùgbọ́n omi rédíétọ̀ kò dín, ìrì àti ọ́ìlì lásán ni wọ́n pò pọ̀. Gíà ọkọ̀ aláìfọwọ́yí pàápàá lè fara gbá nínú rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bọ́ sí gíà tí ó ga jù lọ títí omi ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó.

Kí n má baà ṣàbòsí, ọjọ́ kan wà tí yíyọ ọ́ ń ṣiṣẹ́. Tẹ́mósítáàtì a máa bàjẹ́, ó sì lè bàjẹ́ sí títì: ìpẹtà tàbí ogbó yóò mú un, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ṣí mọ́, omi kò ní dé rédíétọ̀, ọkọ̀ yóò sì gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ lè fi ọkọ̀ náà délé, kí ó sì fi tuntun síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó dà bí ẹni pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá, tí wọ́n fi sọ ọgbọ́n àfidélé di ìtọ́jú.

Bí ọkọ̀ yín bá ń gbóná, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ìgbà tí ó ń gbóná. Èyí tí ó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ó sì ń tutù bí ó bá ti ń sáré, fáànù ni kí ẹ fura sí, àti fíúsì àti riléè tí ń gbé iná fún un. Èyí tí ó ń gbóná lórí eré, ó ṣeé ṣe kí rédíétọ̀ rẹ̀ ti dí tàbí kí páǹpù rẹ̀ ti jẹ. Bí omi bá ń dín láìsí ibi tí ó ń jò sí, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, tí omi rédíétọ̀ sì ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀ gẹ́rẹ́ tí ẹ bá ti ṣáná sí ọkọ̀ tí ó tutù, ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹ má sì ṣe wà á lọ síbi kankan mọ́.

Ìdérí rédíétọ̀ yẹ ní àkíyèsí ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Spíríńgì àti rọ́bà inú rẹ̀ ni ó ń há omi mọ́, tí omi fi ń wà lábẹ́ ìfúnpá. Nínú ìkòkò tí a kò dé, 100 ni omi ti ń hó. Lábẹ́ ìdérí tí wọ́n tẹ 1.1 sí lára, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá lórí òṣùwọ̀n bar, ó di nǹkan bí i 120 kí ó tó hó. Bí rọ́bà yẹn bá ya, omi yóò hó ṣáájú àkókò, yóò tú jáde, ọkọ̀ yóò sì gbóná, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí ó ṣe tẹ́mósítáàtì. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí yìí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi abẹ́ rẹ̀ yóò fọ́n sí yín lójú. Omi lásán tí a ń rọ sí i dípò kúláǹtì, omi tí wọ́n po oògùn ìpẹtà mọ́ fún rédíétọ̀, náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń bí ìpẹtà tí ń dí àwọn ihò tóóró inú rédíétọ̀.

Ẹni tí kò bá dá tẹ́mósítáàtì rẹ̀ lójú kò nílò àríyànjiyàn. Kí ó fi òwú so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó kan ìdí ìkòkò, kí ó sì ki òṣùwọ̀n ìgbóná bọ omi náà. Yóò wà ní títì pinpin fún ìgbà pípẹ́; bí omi bá wá sún mọ́ iye tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ẹ óò rí i tí ẹnu rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, tí spíríńgì rẹ̀ ń súnkì. Ẹ gbé e sínú omi tútù, yóò tún pa dé. Èyí tí kò bá là, tàbí tí ó ti là láti ìbẹ̀rẹ̀, ti bàjẹ́.

Mo ra tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ mu. A yí ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi jáde, a pààrọ̀ òrùka rọ́bà rẹ̀, a sì rọ kúláǹtì díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Bí mo ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́jọ́ kejì ni ọkọ̀ tún gbóná, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe kí wọ́n tó yọ ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí a kò wo ibòmíràn ju fáànù lọ. Riléè rẹ̀ ni ó ti jó, àpótí kékeré dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Mo fi òmíràn síbẹ̀, mo jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú kan, mo sì ń wo gééjì: ọwọ́ rẹ̀ gòkè dé ìsàlẹ̀ àárín díẹ̀, ó dúró síbẹ̀, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó dákẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún kùn.