Wọ́n ti bi wá léèrè tó, kí wọ́n padà wá sọ ohun tí wọ́n rí fún wa

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní mi ò ní kọ ọ́ torí àwọn kan á ní òṣèlú ni mò ń ṣe, èmi ò gbé àpótí ìbò o, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ omi àti ilẹ̀ ni mo gbé wá, àti ti àwọn tó ń wá bi wá léèrè tí wọn kì í padà wá sọ ohun tí wọ́n rí.

Mo gun zẹm, ọ̀kadà wa níbí, lọ sí oko àwọn bàbá mi lápá Idigny, bí mo ṣe ń wọ abúlé ni mo rí fọráàjì, kànga ẹlẹ́rọ, tí wọ́n gbẹ́ fún wọn níjọ́sí, ewúrẹ́ ló ń sùn nídìí ẹ̀. Omi ò wá mọ́. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀, àbúrò bàbá bàbá mi ni, ọdẹ ni, mo bi wọ́n pé bàbá, kí ló ṣe é? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí yẹn, láti ìgbà tí àwọn ti wà lọ́mọdé làwọn ti ń gbọ́ pé kò lómi, pé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lomi ti máa ń pẹ́ kó tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Mo ní ṣé wọn ò bi yín ni? Wọ́n ní "Wọ́n bi wá. Wọ́n bi wá ní iye ọmọ tá a bí, wọ́n bi wá ní iye ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta tá a ń jẹun lójúmọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tí mo délé ẹ̀rín ọ̀hún ò dùn mọ́.

Kì í ṣe pé bàbá mọ̀ ju ẹlẹ́ńjìnnì tó wá gbẹ́ ẹ lọ o. Orí òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ la wà, òkè yẹn náà ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa ní Plateau nígbà tí òfin 1999 sọ ìpínlẹ̀ 6 di 12, omi abẹ́ ilẹ̀ wa sì jìn, gbogbo ẹni tó ti fa okùn kànga rí ní Kétu mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Níbi tí omi bá le báyìí, ẹni tó ti fẹsẹ̀ tẹ gbogbo igbó ibẹ̀ láti ìgbà èwe, ẹlẹ́ńjìnnì tó gbọ́n á kọ́kọ́ jókòó tì í ná kó tó gbé ẹ̀rọ jáde. Àbí ta ló ṣíwájú ọba tó ń jẹ́ Ẹdé, tó tẹ Kétu dó, àtàwọn èèyàn ẹ̀ láti ìlú Aró títí wọ́n fi dé ibi tá a wà yìí? Ọdẹ ni, Alálùmọ̀n. Ṣé ẹ rí i, ìlú yìí fúnra ẹ̀, ìmọ̀ ọdẹ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó. Orúkọ gan-an ń sọ̀rọ̀: arọndisimáà (àgbègbè kan lábẹ́ Kétu) tí wọ́n ń kọ ní Odomèta nínú ìwé ìjọba, létí tèmi Odò Mẹ́ta ló ń dún, àmọ́ ẹni tó ti Kútọnu wá tó ń kà á bíi Faransé, kò lè gbọ́ odò kankan níbẹ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé ìmọ̀ ò wọ́n wa. Ní Pobẹ nítòsí wa níbí, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀ láti 1922. Ní Àjàṣẹ́, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhaï tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kétu tiwa náà, yunifásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà níbí láti 2013. Lọ́dọọdún làwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóríṣiríṣi, látibí àti láti ibòmíràn, ń gbé bébà ìbéèrè wọ oko, ọmọlúàbí ni wọ́n o, wọ́n ń kí èèyàn dáadáa, wọ́n á béèrè nípa àgbàdo, nípa gaàrí, nípa káṣú, nípa ilẹ̀ tó ti rẹ̀, àwọn ìyá wa á fi iṣẹ́ sílẹ̀ dá wọn lóhùn, ẹlòmíì á tún fún wọn lómi mu. Ó di ìwé àṣekágbá, mẹmuwáà, wọ́n gba nọ́ńbà lórí ẹ̀, ó wọ inú àpótí ìwé, ó parí. Èmi ò tíì rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó padà wá sí abẹ́ igi yẹn wá sọ pé ìyá, ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi lọ́dún tó kọjá, ohun tí mo rí nínú ẹ̀ rèé. Bóyá àwọn kan ti ṣe é, ẹ sọ fún mi, màá fi tayọ̀tayọ̀ tọrọ àforíjì.

Pláànù ìdàgbàsókè kọmúùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, náà bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2003 tá a ti ní ìgbìmọ̀ tá a dìbò yàn ní kọmúùnù 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tí ọjà máa wà, ibi tí ọ̀nà máa gbà, ọwọ́ kọmúùnù ni òfin fi sí. Ohun tó dáa ni, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìwé náà nípọn bíi búrẹ́dì, Faransé ni látòkè délẹ̀, àwọn tó ń ta àgbàdo àti iṣu, tí pláànù yẹn máa sún àtẹ wọn síbòmíì, wọn ò lè kà á. Bẹ́ẹ̀ ìlú ń kún o. Nígbà ìkànìyàn 2002, gbogbo kọmúùnù Kétu ò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 100 lọ, nígbà tó fi máa di 2013 ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún 157, àwọn tó ń wá ilẹ̀ oko ń wọlé láti apá gúúsù àti láti Abọ́mẹ̀, gbogbo wa sì ń fa ilẹ̀ kan náà.

Kí n tún sọ eléyìí tó máa ń bí mi nínú nígbàkigbà tí mo bá rí àwòrán ilẹ̀ lára ògiri ọ́fíìsì. Tó bá dé ààlà Nàìjíríà, funfun báláú, àfi bíi pé ayé parí síbẹ̀. Ará Ìlárá ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní 1889, wọ́n fa ilà kọjá láàárín Kétu, Ìlárá wà níbí, Ìlárá wà lọ́hùn-ún, ìbátan kan náà, ẹni tó gbin àgbàdo lápá ibí, owó náírà ló ń wò kó tó mọ iye tó máa tà á. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà pa ní oṣù kẹjọ 2019, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní ìparí 2020, ẹ bi àwọn ìyá wa bí ọjà ṣe rí. Pláànù wo ló lè yé ọjà Kétu tí ò ní ìdajì ọjà náà nínú? Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Iléeṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ àti ti símẹ́ńtì Onigbolo, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ló jọ dá wọn sílẹ̀ láyé ọjọ́un, orí ilẹ̀ Yorùbá ni méjèèjì wà. Wọ́n mọ ọ̀nà ìjókòó pọ̀ nígbà yẹn.

Ẹnìkan ti sọ fún mi pé àwa ará oko náà kì í sọ òótọ́. Lóòótọ́ ni. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ dání, wọ́n mọ̀ pé lọtismáà, pínpín ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, dé nìyẹn, wọ́n mọ̀ pé wọ́n á gé nínú ilẹ̀ wọn fún ọ̀nà àti ilé ìwé, nígbà míì ilẹ̀ tó kù á bọ́ sí ibi tí wọn ò mọ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fi ojú oko ẹlòmíì han àwọn awọnlẹ̀ rí, ó ní ibẹ̀ ni tòun parí sí, kí wọ́n má bàa mọ ibi tí tòun bẹ̀rẹ̀. Kò dáa, àmọ́ mi ò lè dá a lẹ́bi tán. Ẹni tí wọn kì í padà wá fi àwòrán hàn, kí ló fẹ́ kó sọ òótọ́ fún?

Torí náà ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí ẹni tó bá bi wá léèrè padà wá kà á fún wa ní Yorùbá, lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú gbohùngbohùn, kó tó lọ gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Kí wọ́n ya pláànù yẹn sára ògiri ọjà, kí ìyá aláta lè na ìka sí i pé ibí yìí ò dáa.

Èmi náà ò kàn jókòó sídìí fóònù máa bú èèyàn. OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kún, mo ti fi sórí fóònù mi, Sátidé méjì tó kọjá mo fi zẹm gbé bàbá ọdẹ káàkiri, a ti fi kànga 11 sí i àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ rí. Lálẹ́ mo tan fóònù, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní mo fi kànga kan sí òdìkejì ọ̀nà. Sátidé tó ń bọ̀ mo ní láti padà lọ tún un ṣe.