Ayálégbé Ojú Ọ̀run

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá, èmi ni mo gbé àga tẹ̀lé bàbá onílé mi lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Àkúrẹ́. Ayálégbé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà ẹ̀yìn ni mo dúró sí, lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́. Bàbá ni akọ̀wé. Alága ní kó ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ìṣáájú, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n ti dá fún géètì àdúgbò. Bàbá dìde, ó ká apá agbádá sí èjìká, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní:

"Alága, mi ò mú ìwé wá. Ayé ìwé ti kọjá. Gbogbo ẹ̀ ti wà lórí kíláòdù."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Alága mi orí bí ẹni tó ti ń retí ẹ̀ tipẹ́. Ìyá Onígaàrì, tí ilé rẹ̀ fi méjì ju ti akọ̀wé lọ, ló là á: "Kíláòdù wo nìyẹn? Ṣé owó géètì náà wà lórí ẹ̀?"

Bàbá rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi bi ní ìbéèrè. Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án sókè bí ẹni tó ń wá òṣùpá ààwẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ géètì sí oṣù tó ń bọ̀.

Àrùn kíláòdù yìí, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìkùukùu, ti ran gbogbo ìlú. Télọ̀ mi ní Arákàlẹ̀, tí kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ mi, ní kí n fọkàn balẹ̀, ìwọ̀n mi wà lórí kíláòdù. Mo ní aṣọ ńkọ́? Ó ní ìyẹn ṣì wà nílẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ẹnu ọ̀nà FUTA sọ fún mi pé iṣẹ́ àṣekágbá òun ti parí, ó kù kó sọ̀kalẹ̀ láti orí kíláòdù, àfi bíi pé òjò ni. Níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kan, wọ́n bi ọkọ ìyàwó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní, "Orí kíláòdù ni, sà." Ìyá ìyàwó bú sẹ́kún ayọ̀. Ó rò pé awakọ̀ òfuurufú ni.

Bó bá jẹ́ ìkùukùu gidi lẹ ń wá, ẹ jí lọ sí Ìdànrè láàárọ̀ ìgbà òjò. Ẹ ó bá a lórí àpáta, tó jókòó bí ọba. Ẹ fọwọ́ kàn án, omi ni. Kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kíláòdù tí wọ́n ń fi yangàn yìí wà. Ilé gbọ̀ngbọ̀nràn ni, bí ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn bàbá wa ń kó kòkó sí, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n tò sínú tirẹ̀, lórí àgbékà irin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Server ni wọ́n ń pè wọ́n. Ooru ara wọn pọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọ́dọ̀ sinmi lórí wọn tọ̀sán-tòru. Bátìrì wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ńláńlá sì wà lẹ́yìnkùlé bí iná bá lọ. Ẹ ò rí i bí? Ọ̀run tó ní jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí kíláòdù, fóònù yín á gé e sí wẹ́wẹ́, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gbà á, wáyà á gbé e gba abẹ́ òkun, kọ̀ǹpútà ẹlòmíì á sì tò ó pa dà síbi tí ẹ kò lè fi ìka tọ́ka sí. Ẹ háyà àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún ni.

Háyà yìí ni adùn ọ̀rọ̀ mi.

Ní 1961 ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John McCarthy, ti sọ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn èèyàn á máa lo agbára kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń lo tẹlifóònù, kí kálukú sanwó ohun tó lò. (Ó dára tí kò fi iná mọ̀nàmọ́ná Àkúrẹ́ ṣe àpèjúwe.) Ní 2006, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í háyà kọ̀ǹpútà rẹ̀: àyè ìpamọ́ ló kọ́kọ́ gbé síta ní oṣù Kẹta, agbára iṣẹ́ tẹ̀lé e ní oṣù Kẹjọ. Microsoft àti Google náà di onílé. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń gé server kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́ bí ilé face-me-I-face-you, tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan á fi máa rò pé òun nìkan ló ni gbogbo ẹ̀. Ní ilé tiwa, aládùúgbò ló ń din ata, èmi ni mò ń sín. Níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ikọ́ ara yín. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà lásìkò ọdún lè gba ogún yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta, kó kó wọn sílẹ̀, kó san owó ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹ lọ bá bàbá onílé mi pé ẹ fẹ́ yàrá ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Owó ọdún méjì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó ajẹ́ǹtì, owó "bí o bá ba nǹkan jẹ́"!

Àmọ́ onílé ni onílé ń jẹ́. Láti 2015 ni Google ti ní kí gbogbo ayé máa kó fọ́tò wá, iye tó wù wọ́n, lọ́fẹ̀ẹ́. A kó o. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2021, ó ní ọ̀fẹ́ ti tán, fọ́tò tuntun á máa wọnú ìṣirò. 15GB ni gbogbo àyè tó fún ẹnì kan lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà Gmail àti fọ́tò wà nínú ẹ̀ pọ̀. Apple ò tiẹ̀ fúnni ju 5GB lọ.

Bí bàbá onílé mi ṣe gba ìwé lílé nìyẹn. Alẹ́ Túsìdé ló pè mí wọlé. "Wá bá mi wo ohun tí àwọn èèyàn yìí kọ."

Google ní àyè Bàbá ti kún. Mo wo ohun tó kún un: òdòdó "Ẹ kú òwúrọ̀ Mọ́ńdè" tí kò lóǹkà, fídíò wòlíì, ìnáwó òkú Màmá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé onílé, ojú ewé méjì. Mo ní, "Dádì, ẹ kó ẹrù jáde ni, àbí kí ẹ máa san owó oṣooṣù. Bí ẹ ò bá ṣe méjèèjì, lẹ́tà ò ní wọlé mọ́. Bó bá pé ọdún méjì bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kó gbogbo ẹ̀ dànù."

Bàbá fò dìde. "Ṣé wọn ò mọ̀ pé onílé ni mí ni?"

Mo fojú ṣe ti aláàánú. Inú mi ń jó. Onílé tiwọn yìí kì í kan ilẹ̀kùn, kì í wá yọ páànù lórí ayálégbé, kì í sì í gbọ́ "ẹ bá mi mú un dọ̀la". Géètì nìkan ló ń ṣọ́, ọwọ́ ayálégbé ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wà. Bàbá sì ti kọ páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ, lábẹ́ nọ́ńbà oní-gáàsì.

Ẹ má sọ pé mo bẹnu àtẹ́ lu nǹkan tó dára. Nígbà tí fóònù mi já sí kànga, orí kíláòdù ni mo ti rí fọ́tò ìyá mi gbà pa dà. Ìṣòro ni ti àwọn tó rò pé òkè ọ̀run ló wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Ivory Coast, báńkì dákú ní Nàìjíríà, kíláòdù ọ̀pọ̀ èèyàn di ìtàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021, iná sọ nílé server OVHcloud, onílé kíláòdù kan, ní Strasbourg, ní Faransé. Odidi ilé kan jóná. Àwọn tí kò ní ẹ̀dà níbòmíì fọwọ́ lérán. Onílé tó gbọ́n a máa tọ́jú ẹ̀dà sí ilé méjì mẹ́ta, bí ìyá àgbà tó di owó sétí ìró, tó kì í sábẹ́ ẹní, tó sì tún gbé díẹ̀ fún aládùúgbò. Kì í ṣe gbogbo ayálégbé ló ń sanwó fún ìyẹn.

Bàbá ń sanwó oṣooṣù báyìí. Mo mọ̀, torí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n ti ìwé kan bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi: owó ilé ti lé. Mo lọ bá a pé kí ló dé. Ó ní àwọn onílé òun náà ń gba owó lọ́wọ́ òun.

Pépà ló fi kọ ọ́, ó sì tẹ̀ka sí i. Ẹ̀dà mẹ́ta ló ṣe: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan nínú àpótí rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Òkè-Àró. Ó ní ẹnìkan ò lè mọ̀, iná lè sọ.