Ẹ Fagi Lé Owó Ìfẹ̀yìntì Àwọn Gómìnà Èkó

Òfin Èkó tó ní kí gómìnà tó bá kúrò lórí oyè máa gba owó ìfẹ̀yìntì títí ayé ni a fẹ́ kí wọ́n pa rẹ́, àpẹẹrẹ Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin la sì fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni kó tó di gómìnà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1908, níbẹ̀ náà ló ti ṣe ọ̀gá àgbà Imade College. Láti 1954 títí ológun fi gbàjọba ní 1966, ó ń wá ṣòfin ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Erékùṣù Èkó níbí, Ọ̀wọ̀ ló sì ń padà sí. Òun ló kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), èyí tó bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955. Abẹ́ ìjọba Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ni Mushin, Agége àti Ìkẹjà wà nígbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìgboro wa ló jẹ nínú àwo olùkọ́ Ọ̀wọ̀ yìí.

Ó ṣe gómìnà Òndó láti 1979 sí 1983. Àwọn ológun tì í mọ́lé, wọ́n tú ìwé rẹ̀ wò, wọn kò rí owó ìlú kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Lákòókò kan náà, láti ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú ni Alhaji Lateef Jakande ti ń jáde lọ ṣe gómìnà Èkó. Ilé yẹn náà ló padà sí.

Kí ló wá dé tí Èkó fi ṣòfin ní 2007 pé gómìnà tó bá kúrò lórí oyè yóò gba ilé kan ní Èkó, òmíràn ní Àbújá, ọkọ̀ tuntun lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú owó oṣù títí ayé, alásè àti ẹni tí yóò máa tọ́jú ọgbà? Ohun tó dùn wá jù ni pé ọdún yẹn gan-an ni òfin ìfẹ̀yìntì tuntun dé bá òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó. Òfin 2007 náà ní kí wọ́n máa yọ ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tiwọn pamọ́ fún ọjọ́ alẹ́. Olùkọ́ tó fi ọdún 35 jẹ ẹfun ń dá àjọ ara rẹ̀. Ẹni tó ṣe gómìnà ọdún mẹ́jọ ní Alausa kò dá kọ́bọ̀.

Àwọn kan ní bí a kò bá tọ́jú gómìnà lẹ́yìn ìjọba, yóò ti kó tirẹ̀ pamọ́ kó tó lọ. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó wà nípò bá fẹ́ jalè, ilé Àbújá kò ní dá a dúró. Ajásin kò rí irú òfin yìí kó tó pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kọkànlá 2020, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó ní òun yóò mú àbá wá láti pa òfin náà rẹ́. A yìn ín nígbà náà, a ṣì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2021, gígé ni ilé aṣòfin ní kí wọ́n gé e ku ìdajì. Zamfara ti pa tirẹ̀ rẹ́ pátápátá láti 2019, bẹ́ẹ̀ Zamfara kò lówó tó Èkó.

Kí ilé aṣòfin gbé àbá náà padà wá sójú táyé. Kí wọ́n dìbò lé e ní gbangba, kí aṣòfin Ẹ̀pẹ́, Badagry, Súrùlérè àti Erékùṣù dárúkọ ara wọn, kí àwa náà sì kọ ọ́ sójú ìwé ìròyìn yìí, ẹni tó ní kí ó kúrò àti ẹni tó ní kí ó dúró.