Error lẹ fi pamọ́, ẹ ò fi aago pamọ́

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa error message, kò sẹ́ni tó lè rí nǹkan kó nínú database mọ́." Ọmọ iṣẹ́ wa ló tún sọ ọ́ lánàá, nípa SQL injection, ìyẹn kí àlejò ki àṣẹ tirẹ̀ bọ inú ohun tí sáìtì ń bi database (ibi tí dátà sáìtì wà). Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Mo jókòó tì í, mo ṣí sáìtì ọjà tó ń kọ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. id=7 wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì lókè. Mo tẹ AND SLEEP(5), àṣẹ pé kí database sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5, tẹ̀ lé 7 yẹn. Sáìtì ní "Kò sí irú ọjà bẹ́ẹ̀." Ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tún un ṣe, kó máa wo aago: ìṣẹ́jú àáyá 5 gbáko ni sáìtì fi dákẹ́ kó tó fọhùn. Ẹ̀rín tán.

Ẹni tó bá ti lè mú database sùn ti lè bi í ní ìbéèrè. "Ṣé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú páswọ́ọ̀dù ọ̀gá kọjá m? Bó bá kọjá, sùn. Bí kò bá kọjá, dáhùn kíá." Ohun kan náà ni sáìtì máa sọ lọ́nà méjèèjì, aago nìkan ló ń tú àṣírí. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gé ohun tó kù sí méjì, nítorí náà lẹ́tà kan ò ju ìbéèrè 7 lọ. Hash MD5, ìyẹn páswọ́ọ̀dù tí wọ́n ti lọ̀ di àmì, ńkọ́? Àmì 32 ni, oríṣi 16 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́, ìbéèrè 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 128. Ká tiẹ̀ ní gbogbo wọn ló sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kò pé ìṣẹ́jú 11. Bẹ́ẹ̀ wọn ò fọwọ́ ṣe é o. Sqlmap, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bi gbogbo ìbéèrè yìí fúnra rẹ̀, ni wọ́n ń gbé sí i, wọ́n á lọ jẹun.

Ojú mi ti rí i. Oníbàárà kan pè mí pé sáìtì òun ń fà láti òru. Mo bú àwọn tó ni server. Ìgbà tí mo ṣí log, àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn àlejò béèrè, SLEEP ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ẹ ní ẹ ti dí ọ̀rọ̀ SLEEP? BENCHMARK náà wà láti fi dá MySQL, database tiwa, dúró; fún irú database mìíràn, pg_sleep wà fún PostgreSQL, WAITFOR DELAY wà fún SQL Server. Ìbéèrè tó bá wúwo tó á sì dá database dúró láìlo ìkankan nínú wọn. Ẹ ń fi backslash (\) síwájú àmì quote (') kó má baà di ara àṣẹ? Quote dà nínú 7?

Prepared statement ni oògùn rẹ̀. Àṣẹ á kọ́kọ́ lọ, ohun tí àlejò tẹ̀ á wá tẹ̀ lé e lọ́tọ̀, database ò sì ní kà á sí àṣẹ láéláé. A yí ìlà kan péré padà, mo tún tẹ SLEEP(5) mi: MySQL mú 7 nínú rẹ̀, ó da ìyókù nù, ọjà yọ lójú ẹsẹ̀. Ó dáa, kò ṣeé lò fún orúkọ column (òpó inú tábìlì database) tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ORDER BY, ìyẹn títo èsì. Ìyẹn, ẹ to èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí sílẹ̀, kẹ́ ẹ má gba òmíràn.

Ó ku fáìlì bí ogójì tí ọmọ náà kọ lọ́nà àtijọ́. Ó ti ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan.