Gbígbé Ní Ṣáínà Nìkan Kì Í Kọ́ Èèyàn Ní Èdè Ṣáínà

Bí ọmọ bá ń múra àtilọ kàwé ní Ṣáínà, ohun tí ará ilé sábà máa ń sọ ni pé: "Ẹ jẹ́ kó dé ibẹ̀ ná, èdè náà á yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu." Àwọn mìíràn á fi kún un pé ọmọ Yorùbá ni, èdè olóhùn lòun náà ń sọ, kò ní pẹ́ ẹ rárá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè ya ọ̀sẹ̀ 88 sọ́tọ̀ fún Mandarin, èdè Ṣáínà tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ní kíláàsì. Wákàtí 2,200 nìyẹn. Kíláàsì èdè ní yunifásítì Ṣáínà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Bí sáà kan bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 17, sáà méjì á fún yín ní wákàtí 680. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. "Wákàtí" ọ̀hún gan-an sì sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 45 tàbí 50.

Ìgboro ńkọ́? Ìgboro Ṣáínà òde òní kì í fipá mú àlejò sọ̀rọ̀. Fóònù ni wọ́n fi ń sanwó: ẹ ó yàwòrán àmì QR tó wà níwájú ìsọ̀, ó parí. Oúnjẹ ní àwòrán lójú fóònù, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ sì ń fi lẹ́tà ABD kọ orúkọ ibùdókọ̀. Ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè sábà máa ń wà lọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń bára wọn sọ níbẹ̀. Ní ìlú Guangzhou, níbi tí oníṣòwò ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ sí, Cantonese ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ń sọ láàárín ara wọn. Ohùn mẹ́fà ni ìyẹn ní, kì í sì í ṣe èdè tí olùkọ́ ń kọ́ yín ní kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ ohùn yìí ló yẹ ká fara balẹ̀ wò, torí ibẹ̀ làwa ọmọ Yorùbá ti ń ṣìnà láìmọ̀. Lóòótọ́, etí wa mọ̀ pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. Àǹfààní gidi nìyẹn. Àmọ́ ohùn tiwa, ìpele mẹ́ta ló jẹ́: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ti Mandarin ń rìn. Ohùn kìíní dúró lókè, èkejì ń gòkè, ẹ̀kẹta wà nísàlẹ̀, ẹ̀kẹrin ń já wálẹ̀ láti òkè.

Ìdẹkùn ibẹ̀ ni pé àmì ohùn inú Pinyin, ìyẹn ìlànà fífi lẹ́tà ABD kọ èdè Ṣáínà, jọ tiwa, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jọ tiwa. Táng ni ṣúgà. Bí ẹ bá ka àmì yẹn bí ohùn òkè Yorùbá, tāng lẹ pè, ọbẹ̀ olómi nìyẹn. Mài ni kéèyàn tà, mǎi ni kó rà. Bí ẹ bá ka mài bí ohùn ìsàlẹ̀ wa, etí ará Ṣáínà á gbọ́ mǎi: ẹ fẹ́ tà, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rà.

Ẹnu Yorùbá ní ohun tó jọ àwọn ohùn tó ń rìn yìí. Ẹ pe "bàbá", kí ẹ fetí sí sílébù kejì bó ṣe ń gòkè látìsàlẹ̀: ohùn kejì nìyẹn. Ẹ pe "kọ́bọ̀": bí sílébù kejì ṣe ń já wálẹ̀ sún mọ́ ohùn kẹrin. Ní ti ohùn kẹta, ìwé ń yà á bí ohun tó lọ sílẹ̀ tó tún gòkè, ṣùgbọ́n láàárín gbólóhùn, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dúró sí. Bí méjì rẹ̀ bá tẹ̀ léra, àkọ́kọ́ á di ohùn kejì. Ìdí nìyẹn tí nǐ hǎo fi ń jáde lẹ́nu bí ní hǎo.

Ẹ ṣọ́ n àti ng pẹ̀lú. Tiwa kàn ń mú kí fáwẹ́lì gba imú jáde ni. Fún fàn, oúnjẹ, ṣóńṣó ahọ́n gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn eyín òkè. Fún fàng, kéèyàn gbé nǹkan sílẹ̀, ẹ̀yìn ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́ Pinyin àti ohùn fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ọmọ Ṣáínà kan tó fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú Ṣáínà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ọmọ Ṣáínà náà gbọ́ ọ, kó sì tún àṣìṣe yín ṣe. Kíkọ àmì ọ̀rọ̀ Ṣáínà mẹ́wàá lójúmọ́ tó, bí ẹ bá ń padà sí ti àná àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Láìsí àtúnyẹ̀wò yẹn, ẹ ó gbàgbé èyí tó pọ̀ jù.

Kí ẹ sì ṣètò owó ọdún kejì fún kíkọ́ èdè ṣáájú, torí ọdún kan lè má tó. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń fi Ṣáínà kọ́ni máa ń béèrè HSK 4, ìyẹn ìpele kẹrin nínú ìdánwò èdè Ṣáínà fún àlejò, tí àtòjọ rẹ̀ ti ọdún 2010 jẹ́ ọ̀rọ̀ 1,200. Ẹni tó ní i lè rajà, kó sì béèrè ọ̀nà. Bó bá jókòó síwájú olùkọ́ físíìsì, ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ á máa ré e kọjá kó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.