Kí Wọ́n Kó Dátà Síta Ká Tó Gbà Wọ́n Gbọ́

Òṣùwọ̀n kì í parọ́, àmọ́ kì í dárúkọ ohun tí wọ́n gbé lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà wà nínú iṣẹ́ àwọn tó ń wá purotéènì tí kẹ́míkà ti yí padà. Wọ́n á gé purotéènì wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ mass spectrometer wọn ègé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì wò ó bóyá ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá fi dalton 42 lé (dalton ni wọ́n fi ń wọn ohun tó kéré bí átọ́ọ̀mù), ṣé acetyl ló lẹ̀ mọ́ ọn ni, àbí methyl mẹ́ta, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ìdìpọ̀ átọ́ọ̀mù kékeré? 42.011 ni ti àkọ́kọ́, 42.047 ni ti èkejì. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ kò mú kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ti ubiquitin, purotéènì kékeré tó máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì mìíràn, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá lẹ̀ mọ́ purotéènì, tí wọ́n sì fi trypsin, ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì, gé e, glycine méjì ló máa ń ṣẹ́kù sára lysine (glycine àti lysine wà lára àwọn amino acid tí wọ́n fi ń to purotéènì): 114.043. Iodoacetamide wá ńkọ́, kẹ́míkà tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń dà sí i kí cysteine, amino acid mìíràn, má baà tún so pọ̀? Bó bá lẹ̀ mọ́ lysine lẹ́ẹ̀méjì, 114.043 náà ni. Átọ́ọ̀mù wọn bára mu délẹ̀; kò sí ẹ̀rọ tó lè fi ìwúwo nìkan yà wọ́n. Láti 2008 ni ìkìlọ̀ yìí ti jáde, tí wọ́n sì ti dábàá chloroacetamide dípò rẹ̀. Àfi bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ owó sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ṣà á, tó wá ń yọ̀ pé òun rí owó he!

Ẹni tí dátà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wá a bóyá iodoacetamide ti lẹ̀ káàkiri síbi tí kò yẹ. Ẹni tí wọ́n fún ní tábìlì àbájáde nìkan kò rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Àwọn onímọ̀ náà á ní àṣìṣe àwọn kò ju 1 nínú 100 lọ. Nínú gbogbo ègé lápapọ̀ ni o! Àwọn tó yí padà kéré níye, àṣìṣe sì lè kún àárín wọn láìhàn nínú àròpọ̀. Ẹ ṣírò tiwọn lọ́tọ̀.

Nítorí náà, kí jọ́nà (ìwé tí àwọn onímọ̀ ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde nínú rẹ̀) kankan má ṣe tẹ irú àbájáde yìí láìjẹ́ pé dátà bó ṣe ti inú ẹ̀rọ jáde wà níta, pẹ̀lú orúkọ kẹ́míkà tí wọ́n lò àti ẹ̀rí ibi pàtó tí àyípadà náà wà. PRIDE, ibi tí wọ́n ń kó irú dátà purotéènì báyìí pa mọ́ sí ní Hinxton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jọ́nà ti ń béèrè fún dátà, àmọ́ fáìlì tí kò ní àlàyé kò yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ tí a kò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé ẹlòmíràn á fi dátà wọn ṣáájú wọn. A gbọ́. Ó lè wà ní títì níbẹ̀, kí àwọn tó ń yẹ ìwé wò nìkan máa rí i. Ọjọ́ tí ìwé bá jáde, kí wọ́n ṣí i.