Ẹ jẹ́ kí irúgbìn bá ọmọ délé

Mi ò bá oko ilé ìwé jà o. Oko ilé ìwé tí èrè rẹ̀ kì í jáde nínú ọgbà ilé ìwé ni mò ń bá jà. Ẹ yí Ilé-Ifẹ̀ ká, láti Ìlódè títí dé Mọ̀ọ̀rẹ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì kò wọ́n. Wọ́n á kọ ebè, wọ́n á gbin àgbàdo, wọ́n á fi ẹ̀gẹ́ sí i. Ọmọ ló ro ó, ọmọ ló gbìn ín, ọmọ náà ló tún ń pọn omi sí i. Tó bá wá dọjọ́ ìkórè, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ẹni tó ń kó o sí bùútù ọkọ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà lọ sílé ìwé.

Ká tiẹ̀ ní wọn ò kó o lọ síbì kankan. Ilẹ̀ tí kò tó ìlàjì pápá bọ́ọ̀lù, kí ló fẹ́ ṣe fún gbogbo ọmọ ilé ìwé? Tí wọ́n bá pín àgbàdo náà, agbára káká ni yóò fi kan ẹnìkan ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ilẹ̀ yẹn lè ṣe ni pé kó pèsè irúgbìn, kó sì kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, kí ọmọ gbé méjèèjì lọ sílé. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mélòó kan sílẹ̀ lórí ebè, ẹ má já a, ẹ jẹ́ kó tanná kó gbó. Tí orí rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ gé e, ẹ fi ọwọ́ ra á lórí àtẹ, ẹ fẹ́ ẹ. Èso dúdú wínníwínní tó máa dà sílẹ̀ lára ẹyọ kan ṣoṣo á lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìwọ̀nba tí ìka mẹ́ta lè bù nínú rẹ̀ ti tó ilé kan. Ẹ wé e sínú ìwé, ẹ fi í sọ́wọ́ ọmọ, kó máa lọ. Kí ọmọ má sì gbàgbé láti po èso náà mọ́ yanrìn gbígbẹ kó tó fọ́n ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á hù sójú kan.

Ti ewédú tún lọ́gbọ́n nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo èso rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ á fi rí díẹ̀ tó hù tí èyí tó pọ̀ á kàn dákẹ́ sínú ilẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa di èso náà sínú aṣọ, wọ́n á tì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kò ní pẹ́ níbẹ̀ rárá, wọ́n á yọ ọ́ kíá, wọ́n á tẹ́ ẹ kí omi ara rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn. Tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì lè má mọ èyí, ṣùgbọ́n ìyá tó ti ń ta ẹ̀fọ́ láti ìgbà èwe mọ̀ ọ́n lójú oorun. Kí ló dé tí a ò lè pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì, kó jókòó, kó fi ṣe é níṣojú àwọn ọmọ? Ifẹ̀ yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, ìṣirò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà ò sì kẹ́yìn. Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní OAU báyìí, ti kó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ bá àwọn àgbẹ̀ lábúlé wọn ní Ìṣọ̀yà láti 1969. Wọn ò jókòó sínú ọgbà yunifásítì kí àgbẹ̀ wá bá wọn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: "Yàrá kan la háyà ní Lagere, ilẹ̀ wo la fẹ́ gbin nǹkan sí?" Ó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ àpò ìrẹsì tó ti ṣófo kò wọ́n nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni garawa tó ti jò. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ẹ má lọ bu ilẹ̀ àkìtàn kún un o! Àkìtàn tí àwọn bàbá wa ń gbin ẹ̀fọ́ sí, eérú àti èèpo iṣu ló wà níbẹ̀. Tòní, bátìrì ni, ọ̀rá ni, ìgò fífọ́ ni. Ilẹ̀ abẹ́ igi dára jù, kí ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀, torí tútù rẹ̀ máa ń jó ewé. Ewúro kò tiẹ̀ bèèrè èso, ẹ gé igi rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó tán. Ọ̀tá gidi ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ará ilé kejì. Ẹ gbé àpò náà síbi tí ẹnu rẹ̀ ò ní tó o.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú jù. Ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé, ọkọ́ ni. Ọmọ tó pariwo ní kíláàsì, oko ni. Ilé ìwé kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé àwọn tí orúkọ wọn wà lára àwọn aláriwo nìkan ló ń ro oko yẹn. Àwọn ọmọ yìí kan náà ló sì máa ń kọrin iyì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n bá tò láàárọ̀! Ọmọ tí a fi ọkọ́ jẹ níyà láàárọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ fi ayọ̀ gbin ẹ̀fọ́ sílé ní ìrọ̀lẹ́? Òbí tó bá wá ń sọ pé "mi ò rán ọmọ mi wá ro oko", mi ò bá a wí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ O'Meals, ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ilé ìwé, ní 2012, ọ̀pọ̀ ọmọ jẹun nílé ìwé nígbà náà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé ìwé kì í bá ọmọ délé lálẹ́, kì í sì í sí nígbà họlidé. Mi ò sọ pé ẹ̀fọ́ inú àpò máa rọ́pò ọjà, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbin ìrẹsì sínú garawa. Ohun tó máa ṣe ni pé owó ẹ̀fọ́ á di owó ẹja, ewé á sì pọ̀ nínú ọbẹ̀ ju omi lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, tó jẹ́ pé àwọn tó ní àkùrọ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń rí ẹ̀fọ́ gbìn, tí ìdì rẹ̀ á wá kéré tí owó rẹ̀ á lé, omi tí a fi ṣan ìrẹsì tó láti mú àpò méjì tútù.

Àsìkò rẹ̀ gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kẹta, tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún tẹ̀tẹ̀ á ti tó já, sùkúù ò sì tíì ní í palẹ̀ mọ́. Tíṣà á lè béèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan bí tirẹ̀ ṣe ń ṣe sí, kí máàkì sì wà fún un. Tí ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá tún pé, tí wọ́n bá tún ní ká dáwó ra ọkọ́ tuntun, èmi á kọ́kọ́ béèrè ọmọ mélòó ló ti gbin nǹkan sílé. Ẹ bá mi béèrè ní tiyín náà.